Kí Àlejò Òkè àti Omi Lè Padà Sílé ní Àlàáfíà

Lónìí, a ó lo ìwé kíkọ fún iṣẹ́ kan tó ju lẹ́tà lọ. A ó lò ó láti dáàbò bo ẹ̀mí àwọn àlejò tí ń wá wo òkè àti omi wa. Ẹ ka ẹ̀kọ́ yìí díẹ̀díẹ̀. Bí ìpín kan bá le, ẹ tún un kà. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà ju àwọn yòókù lọ, kí ó kà á sókè kí gbogbo ẹgbẹ́ gbọ́.

1. OHUN TÍ ÀLEJÒ Ń WÁ WÒ

Ilẹ̀ Ìgbómìnà kì í ṣe ilẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ. Òkè wà níbẹ̀, òkúta ńláńlá wà níbẹ̀, odò kéékèèké sì ń ṣàn láàárín wọn.

Ní Èsìẹ́, àwọn ère òkúta wà tí àwọn ará àtijọ́ gbẹ́. Ní ọdún 1933 ni Ọ̀gbẹ́ni Ramshaw, alábẹ̀wò ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ CMS, jẹ́ kí àwọn ará òde gbọ́ nípa wọn. Ní ọdún 1945 ni a dá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀ níbẹ̀. Òun ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní gbogbo Nàìjíríà.

Ní ẹ̀bá Òwá Kájọlà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ifẹ́lódùn, ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ omi Òwu wà. Ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ni omi tí ń já láti ibi gíga bọ́ sílẹ̀, bí ìgbà tí omi òjò bá ń já láti orí òrùlé. Ti Òwu ga tó 100 mítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá to ilé alájà mẹ́ta lé ara wọn lórí nígbà mẹ́wàá, a ó tó mọ bó ti ga tó. Ẹni tó bá dúró nísàlẹ̀ yóò gbé ojú sókè títí fìlà yóò fi fẹ́ jábọ́ lórí rẹ̀.

Àlejò ń wá wo irú nǹkan báyìí. Wọ́n ń wá láti Ìlọrin, láti Èkó, àní láti òkè òkun pàápàá. Bí àlejò bá dé, ẹni tó ń ta ẹ̀kọ yóò tà, ọlọ́kadà yóò rí èrò gbé, ọ̀dọ́mọkùnrin tó mọ ọ̀nà igbó yóò gba owó ìfinimọ̀nà. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní àlejò lójú, kò fi ríran. Àlejò rí omi tó funfun, kò rí òkúta tó ń yọ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ó rí oòrùn lórí rẹ̀, kò rí òjò tó ń rọ̀ lẹ́yìn òkè. Àwa onílé ni ojú rẹ̀.

2. OHUN TÍ OJÚ MI RÍ

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tó ṣẹlẹ̀ sí èmi fúnra mi. Kì í ṣe ohun tí mo fi ń yangàn.

Ó ti tó ọdún mẹ́rìnlá sẹ́yìn. Mo jẹ́ hẹdimásítà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan nígbà náà. Ní oṣù kẹfà, mo kó àwọn ọmọ Pírámárì kẹfà lọ wo ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ omi kan ní ilẹ̀ wa. Mo ti kọ gbogbo ètò ọjọ́ náà sínú ìwé: aago mẹ́wàá, a gbéra, aago méjìlá, àwọn ọmọ yóò fi ẹsẹ̀ tẹ omi, aago kan, oúnjẹ.

Nígbà tó di aago méjìlá, oòrùn ń ràn yẹ́ríyẹ́rí. Àwọn ọmọ bọ́ bàtà, wọ́n wọ inú odò tó ń ṣàn nísàlẹ̀. Omi náà kò kọjá kókósẹ̀. Ẹ̀rín ń sọ.

Ìgbà náà ni bàbá ọdẹ kan ń bọ̀ láti oko rẹ̀. Kò mọ ìwé kankan. Ó dúró, ó wo omi, ó wo ọ̀nà òkè, ó ní:

“Tíṣà, ẹ kú ọjọ́ o. Ẹ kó àwọn ọmọ yìí jáde nínú omi.”

Mo ní, “Ẹ kú ọjọ́, Bàbá. Kí ló dé? Oòrùn ń ràn o.”

Ó ní, “Oòrùn tiyín ni ẹ̀ ń wò. Ẹ wo òkè lọ́hùn-ún bó ti ṣú. Òjò ti ń rọ̀ níbẹ̀ láti àárọ̀. Omi yẹn ń bọ̀ wá síbí.”

Mo wo aago ọwọ́ mi. Mo ní, “Bàbá, ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ló kù.”

Bàbá náà kò bá mi jiyàn. Ó sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀, ó wọ inú omi, ó di ọwọ́ ọmọ tó kéré jù mú, ó sì fà á jáde. Nígbà tí àwọn yòókù rí i, wọ́n tẹ̀ lé e. Kí n má purọ́, inú bí mi. Mo rò pé ó fi mí wọ́lẹ̀ lójú àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ mi.

Àwọn ọmọ kò tíì wọ bàtà tán tí omi fi yí padà. Ó kọ́kọ́ pọ́n. Ewé àti igi wẹ́wẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bá a bọ̀. Lẹ́yìn náà ni a gbọ́ ìró kan bí ìgbà tí tírélà bá ń bọ̀ lójú ọ̀nà. Kí á tó ṣẹ́jú, òkúta tí ọmọ kékeré nì dúró lé ti wọ inú omi, a kò rí i mọ́. Bàtà ọmọ kan tó wà lórí rẹ̀ bá omi lọ.

Mo dọ̀bálẹ̀ fún bàbá náà. Ó ní, “Tíṣà, ẹ dìde. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀wé, ẹ bá mi kọ ọ́ síbì kan níbí, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè rí i. Èmi ò lè wà níbí lójoojúmọ́.”

Mo ṣèlérí pé n ó kọ ọ́. Iṣẹ́ pọ̀, ọjọ́ ń gorí ọjọ́. Bàbá náà ti papò dà kí n tó mú ìlérí mi ṣẹ. Ìdí nìyí tí mo fi kọ ẹ̀kọ́ yìí.

3. BÍ OMI ṢE Ń DÉ LÓJIJÌ

Ẹ jẹ́ ká wo bí ọ̀rọ̀ náà ti rí gan-an.

Ní ilẹ̀ pẹ̀tẹ́lẹ̀ tó ní koríko àti igi, ilẹ̀ máa ń mu omi òjò. Ewé gbà á, gbòǹgbò gbà á, ilẹ̀ gbà á, ìyókù a rọra ṣàn lọ sódò. Ṣùgbọ́n òkúta kì í mu omi. Bí òjò bá rọ̀ sórí òkúta, gbogbo rẹ̀ ni yóò sáré sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ojú ọ̀nà odò tó wà láàárín òkè méjì kò fẹ̀. Nítorí náà, omi tó yẹ kó tẹ́ yóò di omi tó ga.

Ẹ mú pẹ́ńsù, kí á ṣírò díẹ̀. Ẹ wo ilẹ̀ kan tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 100 mítà, tí ìbú rẹ̀ sì jẹ́ 100 mítà. Bí òjò ńlá kan bá rọ̀, tí omi rẹ̀ ì bá ga tó ìka ọwọ́ mẹ́ta tí a tò pọ̀, ìyẹn nǹkan bíi 5 sẹ̀ǹtímítà, omi tó bọ́ sórí ilẹ̀ náà yóò jẹ́ 500,000 lítà. Ìyẹn jẹ́ kẹ́ẹ̀gì omi 25 lítà ní ọ̀nà 20,000. Ilẹ̀ kékeré kan ṣoṣo nìyẹn o. Orí òkè tí odò ti ń ṣàn wá tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́pọ̀lọpọ̀.

Ẹni tó bá ti ru kẹ́ẹ̀gì omi kan rí mọ bí omi ti wúwo tó. Kẹ́ẹ̀gì 25 lítà méjì wúwo tó àpò sìmẹ́ǹtì kan. Nítorí náà, omi tó ń sáré, bí kò tilẹ̀ kọjá orúnkún, lè gbé àgbàlagbà ṣubú.

Àmì márùn-ún rèé tí a fi ń mọ̀ pé omi ń bọ̀:

(i) Ojú ọ̀run ṣú ní apá ibi tí odò ti ń ṣàn wá, bí oòrùn tilẹ̀ ń ràn níbi tí a wà.
(ii) A ń gbọ́ àrá láti apá ibẹ̀.
(iii) Omi tó mọ́ tẹ́lẹ̀ dàrú tàbí ó pọ́n.
(iv) Ewé, igi wẹ́wẹ́ àti ìfófòó ń bá omi bọ̀.
(v) Ìró omi yí padà, ó ń dún kíkankíkan.

Bí ẹ bá rí ẹyọ kan péré nínú wọn, ẹ jáde. Ẹ má dúró de èkejì. Ẹ má sáré tẹ̀ lé ipa odò lọ sí ìsàlẹ̀, nítorí omi yára ju ènìyàn lọ. Ẹ gun òkè ẹ̀gbẹ́ odò lọ sí ibi gíga. Bí ẹ bá ti rékọjá odò, tí omi sì kún sí ẹ̀yìn yín, ẹ jókòó ní òdìkejì títí yóò fi fà. Ó sàn kí ènìyàn sùn sóko ju kí ó sùn sódò.

4. ÀWỌN EWU MÌÍRÀN

Mànàmáná. Bí mànàmáná bá kọ, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kà: ení, èjì, ẹ̀ta, títí àrá yóò fi sán. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta dúró fún nǹkan bíi kìlómítà kan. Bí ìkà yín kò bá tó ọgbọ̀n kí àrá tó sán, ewu ti sún mọ́lé. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè kíá. Ẹ má dúró sábẹ́ igi tó dá dúró, ẹ má wà nínú omi, ẹ má sì dúró ní ṣóńṣó orí òkúta. Inú ilé gidi tàbí inú ọkọ̀ tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ni ó dára. Lẹ́yìn tí àrá bá sán kẹ́yìn, ẹ dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ẹ tó tún jáde.

Òkúta tó ń yọ̀. Ibi tí omi ń ta sí máa ń hu nǹkan aláwọ̀ ewé. Ó dára lójú, ṣùgbọ́n ó ń yọ̀ ju ilá lọ. Kí àlejò wọ bàtà tó ní ìdè, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò dán. Sálúbàtà kò dára fún òkè. Kí ẹnikẹ́ni má gun ẹ̀bá ibi tí omi ti ń já nítorí àwòrán fóònù. Ẹni tó ń wo ojú fóònù kò rí ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Kòtò omi. Ní ìdí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀, omi tó ń já ti gbẹ́ kòtò sílẹ̀. Ojú rẹ̀ lè parọ́rọ́, ṣùgbọ́n omi ń yí nísàlẹ̀, ó sì lè fa òmùwẹ̀ wọlẹ̀. Òkúta tàbí igi sì lè bá omi já láti òkè. Kí àlejò wò ó láti òkèèrè.

Ejò. Kí afinimọ̀nà mú ọ̀pá ṣáájú, kí ó máa fi gbá koríko. Bí ejò bá bu ènìyàn ṣán, ẹ má fi abẹ sín in, ẹ má fi ẹnu fà á, ẹ má sì fi okùn dì í pinpin. Ẹ bọ́ òrùka àti aago kúrò lára rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù ní kíá.

Oòrùn àti òùngbẹ. Àlejò láti ìlú ńlá kò mọ òkè gùn bíi tiwa. Kí olúkúlùkù mú omi mímu tirẹ̀ dání. Ẹni tí orí ń fọ́, tí òòyì ń kọ́, kí ó jókòó sábẹ́ ibòji, kí ó mu omi, kí ó má sì gùn mọ́ lọ́jọ́ náà.

5. OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ NÍBÒMÍRÀN

Kì í ṣe tiwa nìkan. Ẹ jẹ́ ká wo àwọn ìlú mìíràn, kí á fi kọ́gbọ́n.

Ní orílẹ̀-èdè Gánà, ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ omi kan wà ní Kintampo tí àlejò ń lọ wò. Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹta ọdún 2017, àwọn ọ̀dọ́ ń wẹ̀ níbẹ̀. Ìjì òjò dé. Igi ńlá kan ya, ó sì wó lé wọn lórí nínú omi. Ó lé ní ènìyàn 15 tó kú, akẹ́kọ̀ọ́ sì pọ̀ nínú wọn. Ẹ̀kọ́ wo ni èyí kọ́ wa? Bí atẹ́gùn òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, kí á kúrò lábẹ́ igi àti nínú omi. Kí á sì máa wo igi tó yí ibi ìgbafẹ́ ká lọ́dọọdún. Èyí tó bá ti rà nínú, kí á gé e kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má torí èyí gé gbogbo igi orí òkè. Ní Freetown, ní orílẹ̀-èdè Sẹ̀rà Lóònù, ẹ̀gbẹ́ òkè Sugar Loaf ya lulẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 2017, lẹ́yìn òjò ọ̀pọ̀ ọjọ́. Àwọn tó kú àti àwọn tí a kò rí mọ́ lé ní 1,000. Òjò ni ó fa á, ṣùgbọ́n wọ́n ti gé igi òkè náà, wọ́n sì ti kọ́ ilé sí i, èyí sì dá kún un. Gbòǹgbò igi ni okùn tó so ilẹ̀ òkè mọ́ra. Ẹ̀yin tí ń sun èédú ní ilẹ̀ wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi igi ẹ̀gbẹ́ òkè àti igi etídò sílẹ̀. Odò tí ìgbafẹ́ wa wà lórí rẹ̀ ni wọ́n ń ṣọ́.

Ẹ jẹ́ ká lọ jìnnà sí i, sí ibi tí òkè ti ga jù lọ. Òkè tó ga jù ní Nàìjíríà ni Chappal Waddi ní ìpínlẹ̀ Taraba. Ó ga ní 2,419 mítà. Òkè Kamẹrúùnù lé ní 4,000 mítà. Ẹni tó bá gun òkè tó ju 2,500 mítà lọ ní kíákíá, atẹ́gùn tó ń mí sí inú lè má tó o. Orí rẹ̀ yóò máa fọ́, yóò máa bì. Oògùn rẹ̀ ni kí ó sọ̀ kalẹ̀. Àwọn òkè tiwa kò ga tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òfin tó wà lórí gbogbo òkè kan náà ni: omi ń wá ìsàlẹ̀, òkúta náà sì ń wá ìsàlẹ̀.

Orílẹ̀-èdè Switzerland ní òkè púpọ̀ tí yìnyín bò, àlejò sì ń dé ibẹ̀ láti gbogbo ayé. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹjọ ọdún 2017, apá òkè kan ya lulẹ̀ ní ìtòsí abúlé Bondo. Àwọn onímọ̀ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé òkè náà ń sún. Àwọn ará abúlé ní aago ìdágìrì, wọ́n sì bọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ẹsẹ̀ tí àwọn arìnrìn-àjò ń gbà kò sí ní títì. Àwọn mẹ́jọ tó ń rìn níbẹ̀ kú.

Ní ọdún 2025, ní abúlé Blatten ní orílẹ̀-èdè yẹn kan náà, àwọn onímọ̀ rí i pé òkúta ń já sórí òkìtì yìnyín tó wà lókè abúlé. Wọn kò dúró wo ohun tí yóò dà. Ní ọjọ́ 19 oṣù karùn-ún, wọ́n kó gbogbo ará abúlé kúrò, nǹkan bí 300 ènìyàn. Ní ọjọ́ 28 oṣù náà, òkìtì yìnyín àti òkúta ya lulẹ̀, ó sì bo ọ̀pọ̀ jù nínú ilé abúlé náà. Ẹnì kan ni ó kú. Ilé lọ, ènìyàn kù.

Ẹ wo ìyàtọ̀ ibi méjèèjì. Ìmọ̀ wà ní Bondo, ìmọ̀ wà ní Blatten. Ní Blatten, ìmọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ gbogbo ẹni tó wà nínú ewu, wọ́n sì gbọ́ràn. Ní Bondo, kò di ọ̀nà mọ́ ẹsẹ̀ àlejò. Ìmọ̀ tó wà lórí ẹnì kan ṣoṣo kò lè gba ẹni tó wà nínú omi là. Ohun tí bàbá ọdẹ nì sọ fún mi náà nìyẹn.

6. IṢẸ́ ẸNI TÓ MỌ̀WÉ

Nísinsìnyí tí ẹ ti mọ̀ ọ́n kọ, tí ẹ sì ti mọ̀ ọ́n kà, iṣẹ́ mẹ́rin rèé tí ẹ lè ṣe ní ìlú yín. Kò sí èyí tó gba owó ńlá.

Èkíní, pátákó ìkìlọ̀. Ẹ jókòó ti àwọn ọdẹ, àwọn àgbẹ̀ àti àwọn ìyá tí ń pọn omi. Ẹ béèrè ibi tí omi máa ń dé bó bá kún, kí ẹ sì fi ọ̀dà pupa fa ìlà sí òkúta tàbí igi níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ pátákó ní lẹ́tà gàdàgbà, kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ má pọ̀. Báyìí ni ó lè rí:

DÚRÓ!
BÍ ÒKÈ BÁ ṢÚ, MÁ WỌ OMI.
BÍ OMI BÁ PỌ́N, JÁDE KÍÁ.
MÁ GUN ÒKÚTA TÓ Ń YỌ̀.
BÉÈRÈ LỌ́WỌ́ AFINIMỌ̀NÀ.

Ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá, kí ọmọ yín tó wà ní sẹ́kọ́ńdírì kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì àti Haúsá sí abẹ́ rẹ̀, nítorí kì í ṣe Yorùbá nìkan ni àlejò. Ẹ ya àwòrán ẹni tí omi ń gbé lọ sí i, fún ẹni tí kò mọ̀wé.

Èkejì, ìwé àlejò. Ẹ ra ìwé kan, kí ẹ fa ìlà sí i. Ẹ kọ orúkọ olórí àwọn àlejò, iye wọn, nọ́ńbà fóònù ará ilé wọn, aago tí wọ́n wọlé àti aago tí wọ́n jáde. Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí: “Àlejò 6. Wọlé: aago 10. Jáde: aago 1. Iye tó jáde: 6.” Bí ó bá di ìrọ̀lẹ́ tí iye tó wọlé kò bá iye tó jáde mu, ẹ ti mọ̀ pé ẹnì kan ṣì wà lórí òkè. Láìsí ìwé yìí, ta ni yóò mọ̀?

Ẹ̀kẹta, gbígbọ́ ìròyìn ojú ọjọ́. Ní ayé àwọn baba wa, àgbà mọ oṣù tí òjò yóò bẹ̀rẹ̀. Lóde òní, ojú ọjọ́ ti ń yí padà. Òjò lè pẹ́ kó tó dé, kó sì wá rọ̀ kíkankíkan lẹ́ẹ̀kan. Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀. Àjọ NiMet tí ń wo ojú ọjọ́ fún ìjọba Nàìjíríà máa ń sọ bí òjò ọdún kọ̀ọ̀kan yóò ti rí, wọ́n sì ń kéde bí ojú ọjọ́ yóò ti rí lójoojúmọ́. Kí ẹnì kan máa gbọ́ ọ lórí rédíò tàbí fóònù láràárọ̀, kí ó kọ ọ́ sí pátákó. Kí ẹlòmíràn sì máa wo òkè fúnra rẹ̀. Ọ̀kan kò lé èkejì lọ.

Ẹ̀kẹrin, irinṣẹ́ ìgbàlà. Kí afinimọ̀nà ní okùn gígùn tó nípọn, fèrè tí ń dún ròkè, tọ́ọ̀ṣì, aṣọ mímọ́ tí a fi ń di ojú ọgbẹ́, àti nọ́ńbà ọsibítù tó súnmọ́ wọn jù. Nọ́ńbà tí a fi ń ké sí ìjọba fún ìrànlọ́wọ́ ní Nàìjíríà ni 112. Ṣùgbọ́n fóònù kì í lọ dáadáa ní ẹ̀yìn òkè. Ẹ wádìí ibi tó ti ń lọ kí wàhálà tó dé.

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà náà ńkọ́? Ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, àwọn ajínigbé ti da ọ̀pọ̀ ìletò láàmú ní apá Gúúsù Kwara. Ẹ̀kọ́ yìí kò lè yanjú ìyẹn. Ṣùgbọ́n kí á tó pe àlejò, ẹ jẹ́ ká béèrè lọ́wọ́ baálẹ̀, ọlọ́pàá àti àwọn ọdẹ bóyá ọ̀nà dára. Bí wọ́n bá ní kò dára, òkè kò ní sá lọ. Ẹ sọ fún àlejò pé kí ó padà wá lọ́jọ́ mìíràn.

7. OWÓ ÀTI Ẹ̀MÍ

Ọ̀rọ̀ tó le jù ni mo fi sí ìkẹyìn.

Ká sọ pé ìwọ ni afinimọ̀nà. Àlejò mẹ́wàá wọ bọ́ọ̀sì wá láti ọ̀nà jíjìn. Wọ́n ti san owó ọkọ̀, wọ́n sì mú owó tìrẹ lọ́wọ́. Láti àárọ̀, o kò tíì rí kọ́bọ̀. O gbé ojú sókè, o rí i pé òkè ti ṣú. Àlejò ní, “Ẹ̀gbọ́n, ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré.” Kí ni o ó ṣe?

Mo mọ ọ̀rọ̀ “ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré” dáadáa. Ẹnu mi ni ó ti jáde lọ́jọ́ kìíní.

Ó ṣòro fún ẹnì kan láti dá owó padà nígbà tí ebi ń pa á. Nítorí náà, kí ìlú má fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ fún ẹnì kan. Kí gbogbo àwọn afinimọ̀nà parapọ̀, kí wọ́n ṣe òfin kan níwájú baálẹ̀, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀: bí òkè bá ṣú, ọ̀nà ti tì. Ẹni tó bá mú àlejò lọ lẹ́yìn tí a ti ọ̀nà, kí ó má fini mọ̀nà mọ́ fún oṣù kan. Kí wọ́n sì máa yọ díẹ̀ nínú owó ọjọ́ tó dára sínú àpótí, kí ẹni tó dá àlejò padà lọ́jọ́ òjò lè rí nǹkan jẹ. Bí ẹ bá ṣe é bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tí òtítọ́ yóò pa lébi.

Kí ẹ sì ní nǹkan mìíràn tí ẹ ó fi han àlejò lọ́jọ́ òjò. Ẹ mú wọn lọ wo ère Èsìẹ́ ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jẹ iyán ní Òmù-Àrán. Ẹ jẹ́ kí àgbà kan pìtàn fún wọn. Owó yóò wọlé, omi kò sì ní gbé ẹnikẹ́ni lọ.

Àlejò tó padà sílé láàyè yóò sọ fún ẹlòmíràn, yóò sì tún padà wá. Àlejò tí omi gbé lọ, òun ni òpin ìgbafẹ́ ìlú náà, ẹkún rẹ̀ kò sì ní tán nílé àwọn òbí rẹ̀.

Èmi ti jẹ bàbá ọdẹ nì ní gbèsè pátákó kan. Nígbà tí ẹ bá ń ka ẹ̀kọ́ yìí, èmi àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àgbà ní ẹgbẹ́ wa ti ra ọ̀dà àti pákó. Ẹ̀yin náà, kí ni ẹ ó kọ, níbo ni ẹ ó sì gbé e kọ́ sí?

ÌBÉÈRÈ

1. Kí ni ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀? Dárúkọ ọ̀kan ní ilẹ̀ Ìgbómìnà.
2. Oòrùn ń ràn, síbẹ̀ omi kún. Báwo ni ó ṣe rí bẹ́ẹ̀?
3. Dárúkọ àmì mẹ́ta tí a fi ń mọ̀ pé omi ń bọ̀.
4. Mànàmáná kọ, o ka mẹ́sàn-án kí àrá tó sán. Kìlómítà mélòó ni ó jìnnà sí ọ?
5. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Bondo àti ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Blatten?
6. Èéṣe tí kò fi dára kí á fi ọ̀rọ̀ owó sílẹ̀ fún afinimọ̀nà kan ṣoṣo?

IṢẸ́ ṢÍṢE

Ẹ pín ara yín sí ẹgbẹ́ mẹ́ta-mẹ́ta. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lọ bá àgbà kan tó mọ odò tàbí òkè ìlú yín. Ẹ béèrè ohun tó máa ń wò kí ó tó mọ̀ pé ewu ń bọ̀. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ti sọ ọ́, kí ẹ sì kà á fún un, kí ó lè tún un ṣe. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ pátákó ìkìlọ̀ tí kò ju ìlà márùn-ún lọ. Ẹ má jẹ́ kí ó pẹ́ bíi tèmi.